Àtúnṣe Géèmù Onítàn Àtijọ́ láti Jàpáánì: Lámèétọ́ lórí Ohun tó Yí Padà nínú Final Fantasy VI àti Chrono Trigger

Àṣàmọ̀

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ní Jàpáánì ti ń gbé àwọn géèmù onítàn wọn àtijọ́ padà sórí àtẹ ní ẹ̀dà àtúnṣe. Bí àwòrán ṣe mọ́ sí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ nípa wọn máa ń kọ́kọ́ wò. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé ẹ̀dà ni àtúnṣe kọ̀ọ̀kan jẹ́, bí ìwé ṣe ń ní ẹ̀dà, àti pé ojú tí a fi ń wo ẹ̀dà ìwé ló yẹ kí a fi wò ó. A yẹ Final Fantasy VI àti Chrono Trigger wò ní ọ̀nà mẹ́ta: èdè, orin pẹ̀lú àwòrán, àti ìjà. A rí i pé ẹ̀dà tuntun sàn ju ti àtijọ́ lọ ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tó yí padà, ó sì máa ń gba ipò àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀ pátápátá. A dábàá bí olùkọ́ ṣe lè lo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ àti ìtumọ̀.

Ìfáàrà

Géèmù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní RPG. Ìtàn gígùn ni. Ẹni tó ń gbá a yóò darí àwọn ẹ̀dá-ìtàn bíi mélòó kan káàkiri ìlú, igbó àti ihò àpáta. Yóò ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lójú ẹ̀rọ, yóò bá ọ̀tá jà, agbára àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bó ti ń lọ. Ó lè gbà tó ogójì wákàtí kí ó tó dé òpin ìtàn. Ní 1986 ni ilé-iṣẹ́ Enix gbé Dragon Quest jáde ní Jàpáánì. Ní 1987 ni ilé-iṣẹ́ Square gbé Final Fantasy jáde. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì dà pọ̀ di Square Enix ní 2003. Orí Final Fantasy VI (1994) àti Chrono Trigger (1995) ni a fìdí iṣẹ́ yìí lé, nítorí pé ẹ̀dà méjèèjì pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ẹ̀dà náà sì hàn gbangba.

Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé a mú géèmù wá sí àpéjọ àwọn olùkọ́ni. Iṣẹ́ tó ní àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn àti ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ni, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ló sì ń bá irú rẹ̀ pàdé lórí fóònù kí wọ́n tó ka ìwé ìtàn-àròsọ kan tán. Ìbéèrè tí a máa ń bi wọ́n nípa ìwé náà ni a fẹ́ bi níbí: ẹ̀dà wo ni ẹ kà, ta ni ó ṣe é, kí ni ó sì fi ọwọ́ kàn?

Gbígbé, Àtúnṣe àti Àtúndá

Ọ̀nà mẹ́ta ni géèmù àtijọ́ fi ń padà wá, ó sì yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni gbígbé: wọn yóò mú iṣẹ́ náà láti orí ẹ̀rọ kan lọ sí orí ẹ̀rọ mìíràn. Èkejì ni àtúndá: wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè yí ìtàn náà fúnra rẹ̀ padà, bí Final Fantasy VII Remake ti 2020 ti ṣe sí iṣẹ́ 1997. Ẹ̀kẹta, tó wà láàárín méjèèjì, ni àtúnṣe: ìtàn kan náà, ìlú kan náà, ọ̀tá kan náà, ṣùgbọ́n wọn yóò tún àwòrán, ohùn, ọ̀rọ̀ àti ìlò rẹ̀ ṣe.

Àtúndá kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni. Gbígbé náà kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó bí wọn kò bá ṣe é dáadáa. Nígbà tí Chrono Trigger dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù Kejì 2018, ẹ̀dà orí fóònù ni wọ́n gbé síbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì ńláńlá tí wọ́n ṣe fún ìka ọwọ́, àwòrán tí wọ́n fi agbára mú dán, àti ìlà tó ń hàn níbi tí igun ilẹ̀ kan ti pàdé èkejì. Àwọn tó rà á pariwo, ilé-iṣẹ́ náà sì tún un ṣe léraléra títí di oṣù Kẹjọ ọdún náà. Àtúnṣe gan-an ló nira láti díwọ̀n, nítorí pé òun ló ń sọ pé iṣẹ́ àtijọ́ náà lòun, ó kàn wẹ̀ ni. Ohun tí ó wẹ̀ dànù ni lámèétọ́ gbọ́dọ̀ wá.

Èdè: Àdàpè àti Òótọ́ Ọ̀rọ̀

Final Fantasy VI jáde ní Jàpáánì ní oṣù Kẹrin 1994. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ló dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì pè é ní Final Fantasy III, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ kò tíì rí mẹ́ta nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ted Woolsey ló túmọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nǹkan bí 30 ọjọ́ ni wọ́n fún òun. Mẹ́gábáìtì 3 péré ni káséètì géèmù náà gbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba àyè ju lẹ́tà Jàpáánì lọ, nítorí náà ó ní láti gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ̀ka Nintendo ní Amẹ́ríkà tún ní òfin tirẹ̀ lórí ọtí, ìhòòhò, ẹ̀sìn àti ikú. Bí ilé ọtí ṣe di ilé kọfí nìyẹn. Bí àfọ̀ṣẹ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ‘mímọ́’ ṣe di ‘péálì’ nìyẹn.

Ibi tí òfin yìí ti kan ìtàn gan-an ni ìdajì kejì géèmù náà. Ayé ti bàjẹ́. Celes, ọ̀gágun obìnrin kan, jí lẹ́yìn ọdún kan ní erékùṣù àdádó pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Cid. Àwọn yòókù tó wà níbẹ̀ ti kú. Ní èdè Jàpáánì, Cid sọ ọ́ kedere pé ìrètí àwọn ènìyàn náà pin, wọ́n sì pa ara wọn ní etí òkè àríwá. Nínú ìtumọ̀ 1994, ohun tí a kà ni pé bí inú ẹni bá bàjẹ́ níbẹ̀, yóò lọ bẹ́ láti orí òkè náà kí ara rẹ̀ lè yá. Àdàpè ni, ṣùgbọ́n àdàpè tó dojú ọ̀rọ̀ rú ni. Iṣẹ́ àdàpè nínú èdè wa ni kí ó dẹ ọ̀rọ̀ líle lójú ẹni tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọba wàjà mọ̀ pé ọba kò sí mọ́. Àdàpè ti Woolsey yìí kò jẹ́ kí ọ̀dọ́mọdé tó ń kà á mọ̀ rárá. Nígbà tí Cid bá kú, tí Celes sì lọ sí orí òkè kan náà tó sì bẹ́, ẹni tó ka ẹ̀dà 1994 kò ní ìpìlẹ̀ tí yóò fi lóye ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó lè rò pé ó ń wá ìtura.

Nígbà tí géèmù náà dé orí Game Boy Advance ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2007, Tom Slattery tún ìtumọ̀ náà ṣe, ó sì dá òótọ́ ọ̀rọ̀ Cid padà. Orí iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀dà àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Pixel Remaster, tó jáde ní oṣù Kejì 2022, dúró lé. Ní ibi yìí, a kò ní iyèméjì: ẹ̀dà tuntun ló dára jù. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà kọ́ni kò gbọdọ̀ lo ti 1994 láìsọ ìdí.

Ọ̀ràn Chrono Trigger kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá-ìtàn kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Frog. Jagunjagun kan tó ń jẹ́ Glenn ni tẹ́lẹ̀. Oṣó kan ló sọ ọ́ di ọ̀pọ̀lọ́. Woolsey fún un ní Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, irú èyí tí a ń bá nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Jàpáánì. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ló ń sọ níbẹ̀. Nígbà tí Slattery tún géèmù náà túmọ̀ fún Nintendo DS ní 2008, ó bọ́ aṣọ àtijọ́ yẹn kúrò lára Frog. Ìtumọ̀ yìí ni ó bọ́ sí orí fóònù àti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà.

Bí a bá fi ìbámu pẹ̀lú orísun nìkan díwọ̀n, Slattery ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́tàlá, ohùn àtijọ́ yẹn ni Frog ní lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìtàn: ó fi hàn pé ọkùnrin náà ń fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ìtìjú ara tí wọ́n fi fún un. Ìpinnu atúmọ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe bíi ti ọ̀rọ̀ Cid. Lámèétọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òfin ilé-iṣẹ́ gé kúrò àti ohun tí ọgbọ́n atúmọ̀ fi kún un. Àwọn ẹ̀dà tuntun kò ya méjèèjì sọ́tọ̀; ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi gbá wọn dànù.

Orin àti Àwòrán: Ìran Ọpẹra

Ìran tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù nínú Final Fantasy VI ni ti ilé ọpẹra. Setzer fẹ́ jí akọrin kan tó ń jẹ́ Maria gbé. Celes jọ Maria, nítorí náà wọ́n fi í rọ́pò rẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹni tó ń gbá géèmù yóò kọ́kọ́ ka ìwé orin náà nínú yàrá ìmúra, yóò sì ní láti rántí ọ̀rọ̀ tó kàn nígbà tí eré bá ń lọ. Nobuo Uematsu ló kọ orin rẹ̀. Àyè ìfipamọ́ ohùn lórí ẹ̀rọ Super Famicom kò ju kílóbáìtì 64 lọ, kò sì lè gba ohùn ènìyàn tó ń kọrin. Uematsu lo ohùn ẹ̀rọ kan tó ń ròkè tó ń rọlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kùn, ọ̀rọ̀ orin sì ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń kà á ló ń fi ohùn inú ara rẹ̀ kọ ọ́.

Nínú àtúnṣe 2022, àwọn akọrin gidi ló kọ ọ́, ní èdè méje: Jàpáánì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Ítálì, Sípéènì àti Kòríà. Wọ́n tún ìtàgé náà yà kí ó ní jíjìn, ojú ìwòran sì ń rìn yí i ká. Orin náà dùn, a kò sì lè sọ pé Uematsu kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ní ẹ̀rọ gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣẹlẹ̀. Ìran náà yapa sí ìyókù géèmù, tí àwòrán rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dà bí àlejò tó wọ agbádá wá sí oko. Èkejì ni pé Celes kì í ṣe akọrin. Jagunjagun tó há ọ̀rọ̀ sórí pẹ̀lú ìbẹ̀rù ni, àìpé ohùn ẹ̀rọ àtijọ́ sì bá ipò rẹ̀ mu. Nísinsìnyí ó ń kọrin bí ẹni tí a tọ́ dàgbà sí ìtàgé. Kò sí èdè Áfíríkà kankan nínú méje yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ ṣì ni akẹ́kọ̀ọ́ tiwa yóò gbára lé láti mọ ohun tí orin náà ń sọ.

Ní ti àwòrán ẹ̀dá-ìtàn, iṣẹ́ náà yẹ fún ìyìn. Ẹ̀dà fóònù ti 2014 ti dán àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà títí wọ́n fi dà bí ohun tí kò ní egungun. Fún Pixel Remaster, wọ́n padà sí ọ̀dọ̀ Kazuko Shibuya, obìnrin tó ti ń fi àmì tótòtó onígun mẹ́rin ya àwọn ẹ̀dá-ìtàn Final Fantasy láti ti àkọ́kọ́, òun ló sì bójú tó àtúnyà wọn. Níbi yìí, ọwọ́ tó dá nǹkan ló tún nǹkan ṣe, ó sì hàn. Àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ṣàròyé pé lẹ́tà tí wọ́n lò tín-ín-rín jù, kò sì bá àwòrán mu. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé orí PlayStation 4 àti Switch ní oṣù Kẹrin 2023, wọ́n fi lẹ́tà mìíràn kún un, wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ń gbá a yan orin àtijọ́ tàbí ti tuntun. Èyí ni ohun tó dára jù tí àtúnṣe náà ṣe: ó fi ti àtijọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó ní kí a gbọ́ méjèèjì. A fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà.

Ìjà: Ohun tí Ìtàn Ń Sọ Láìlo Ọ̀rọ̀

Ẹ̀dà 2023 náà fún ẹni tó ń gbá a ní àǹfààní mìíràn: ó lè pa ìjà òjijì tó máa ń jáde síni lójú ọ̀nà tì, ó sì lè sọ ìmọ̀ ìjà tó ń jèrè di ìlọ́po mẹ́rin. Suikoden I àti II, tí Konami tún ṣe ní oṣù Kẹta 2025, náà ní ọ̀nà láti mú ìjà yára. Ìdí rẹ̀ yé wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní 1994 ti di àgbàlagbà tó ní iṣẹ́ àti ọmọ. Kò ní ogójì wákàtí. Olùkọ́ tó fẹ́ fi géèmù kọ́ni náà kò ní in.

Síbẹ̀, ìjà náà jẹ́ apá kan ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a padà sí erékùṣù Cid. Bí Celes bá jáde lọ sí orí pápá, ẹranko yóò kò ó lójú bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró tí kò fọwọ́ kàn wọ́n, wọn yóò kú fúnra wọn. Ẹ̀mí wọn ń jò lọ. Ayé tó ń ṣàìsàn ti pa wọ́n kí ó tó bá wọn pàdé. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Kò sí gbólóhùn kan lójú ẹ̀rọ tó ṣàlàyé rẹ̀. Ìjà nìkan ló fi hàn, ó sì fi hàn ju ọ̀rọ̀ Cid lọ ní ẹ̀dà èyíkéyìí. Àní ní 1994, nígbà tí òfin gé ọ̀rọ̀ ikú kúrò lẹ́nu Cid, ikú ṣì wà lórí pápá fún ẹni tó bá rìn jáde.

Ẹni tó bá pa ìjà tì kò ní rí èyí. Yóò ka ọ̀rọ̀ Cid tí wọ́n ti dá padà sí òótọ́, yóò gba orí pápá tó dákẹ́ lọ pa ẹja fún arúgbó náà, yóò sì rò pé òun ti ka ìran náà tán. Àǹfààní yìí kò burú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé bí ilé ìtajà ṣe ń tò ó ni wọ́n tò ó, bí ẹni pé gbogbo ìjà dọ́gba, tí a sì lè yọ èyíkéyìí nínú wọn láìsí ìpàdánù.

Ohun tó Sọnù àti Ohun tí A Rí Padà

Títí dé ibí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀dà wà lórí tábìlì níwájú wa. Wọn kò sí níbẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, nígbà tí Pixel Remaster ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n mú ẹ̀dà Final Fantasy V àti VI ti tẹ́lẹ̀ kúrò lórí àtẹ Steam. Ẹ̀dà Game Boy Advance ní ihò àpáta kan àti àwọn ẹ̀mí alágbára mẹ́rin tí kò sí nínú ti 1994. Wọn kò sí nínú Pixel Remaster náà. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn yóò wá káséètì àlòkù.

Nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ tún ṣe mọ́ lọ́wọ́. Kingdom Hearts jáde ní 2002. Nígbà tí wọ́n ń múra àtúnṣe rẹ̀ ti 2013 sílẹ̀, Tetsuya Nomura tó darí rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀pọ̀ nínú fáìlì ìpilẹ̀ rẹ̀ ti sọnù, wọ́n sì ní láti tú géèmù tí wọ́n ti tà palẹ̀ kí wọ́n tó lè rí àwòrán inú rẹ̀ yọ. Ọdún mọ́kànlá péré ni. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn kì í ṣòro rí tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe lè gba nǹkan là pẹ̀lú. Ní 1996, Square fi sátẹ́láìtì gbé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Radical Dreamers jáde fún àwọn tó ní ẹ̀rọ Satellaview ní Jàpáánì. Ìtàn kíkà ni, ó sì bá Chrono Trigger tan. Ilé-iṣẹ́ náà kò tà á níbòmíràn rí. Nígbà tí wọ́n tún Chrono Cross ti 1999 ṣe ní oṣù Kẹrin 2022, wọ́n fi Radical Dreamers sínú rẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníbàárà ṣàròyé nígbà náà pé Chrono Cross ń fà lójú ẹ̀rọ, òótọ́ sì ni nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Lójú wa, ẹ̀dà tó gba iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ là ṣe ohun tó wúlò ju dídán àwòrán lọ.

Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Kí olùkọ́ tó bá lo géèmù nínú kíláàsì dárúkọ ẹ̀dà, ọdún àti atúmọ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ìwé. Kí ó fi ìran kan ṣoṣo láti inú ẹ̀dà méjì kọ́ni dípò odindi géèmù. Ìran erékùṣù Cid tó láti kọ́ni ní àdàpè, ojúṣe atúmọ̀ àti ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a sọ àti ohun tí a fi hàn, bí ọjọ́ orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni. Lẹ́yìn èyí, kí ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì náà sí èdè wọn, kí wọ́n sì kọ àlàyé ìdajì ojú ìwé lórí ohun tí wọ́n gé, ohun tí wọ́n fi kún un, àti ìdí rẹ̀. Àlàyé yẹn gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù kì í kọ.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Pixel Remaster ní aṣọ tó dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ òótọ́ ju ti 1994 lọ. Àkísà ni kò ní: ilé kọfí tó yẹ kó jẹ́ ilé ọtí, àdàpè tó dojú ọ̀rọ̀ rú, ohùn ẹ̀rọ tó ń kùn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ bí iṣẹ́ kan ṣe rin ìrìn-àjò láti Jàpáánì dé ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ kà á. A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wọ àkísà náà. A ní kí wọ́n má jù ú nù, kí wọ́n sì kọ sí iwájú aṣọ tuntun pé ibi báyìí ni a ti tún un rán. Títí wọn yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ lámèétọ́ àti olùkọ́ ni láti fi ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ojú okùn ìránṣọ náà.